Ọ̀gágun Ojú Irin: Iṣẹ́ Ogun Percy Girouard àti Ọ̀nà Rélùwéè tí ó gba Ilẹ̀ Wa Kọjá

   

Àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí òṣìṣẹ́ rélùwéè kan tí ó di ọ̀gágun, àti ohun tí ó ṣe nígbà ogun. Bí ó bá ṣe pé ìlú mìíràn ni wọ́n ti bẹ̀ mí ni, bóyá ǹ bá kọ́kọ́ máa wá ọ̀nà tí n óò fi mú kí ọ̀rọ̀ náà kan àwọn olùgbọ́; ṣùgbọ́n ní Ìnísà yìí, ní àárín Ìkìrun àti Òkukù, níbi tí ogun ti jà kí irin tó dé, tí irin sì gba orí ilẹ̀ tí ogun ti jà kọjá, ọ̀rọ̀ náà ti wà nílé kí n tó dé. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1878 ni Àjàyí Ògbórí-ẹfọ̀n, Balógun Ìbàdàn, kó ogun rẹ̀ kọlu àwọn ọmọ ogun Ìlọrin, ti Èkìtì àti ti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n dó ti Ìkìrun, tí ó sì fọ́ wọn yángá, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń sá lọ fi ya lu odò Ọ̀tìn, tí omi sì gbé ènìyàn àti ẹṣin lọ; ogun náà ni gbogbo wa mọ̀ sí ogun Jálumi. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà ni irin rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, tí ó sì gba ìhín kọjá dé Ìlọrin ní 1908.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ nídìí ogun àwọn baba wa, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti fìdí múlẹ̀. Àwa Yorùbá fẹ́ràn láti máa ki akọni tí ó fi ojú ko ojú idà. A kì í sábà ki ẹni tí ó wá oúnjẹ fún un. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá ti ka ìtàn ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, tí ó tẹ̀ lé Jálumi tí ó sì fi ọdún púpọ̀ dúró bí òjò tí kò fẹ́ dá, yóò rí i pé kì í ṣe àìlákíkanjú ni ó dí Ìbàdàn lọ́wọ́. Ọ̀nà ni. Ẹ̀gbá ti ọ̀nà, Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà, ìbọn àti ẹ̀tù kò rí etí òkun gbà wá sókè bí ó ti yẹ. Nígbà náà ni àwọn Èkìtìparapọ̀ ní tiwọn ń rí ìbọn ìgbàlódé gbà nípasẹ̀ àwọn ọmọ wọn tí ó wà ní Èkó. Ẹni tí ó ní ọ̀nà ni ó ní ogun. Balógun tí ó láyà bí kìnnìún, tí ebi bá pa ọmọ ogun rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta, ó ti di aláàárù tí ó ru idà.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ mọ èyí ju ọ̀pọ̀ ọ̀gágun ìgbà tirẹ̀ lọ. Percy Girouard ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Montreal ní ilẹ̀ Kánádà ni a bí i sí ní 1867. Ọmọ Faransé ilẹ̀ Kánádà ni bàbá rẹ̀, adájọ́ tí ó dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ilẹ̀ náà, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀yà Ireland. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun ní Kingston, ó jáde ní 1886, ṣùgbọ́n kò tètè wọ iṣẹ́ ogun. Rélùwéè Canadian Pacific, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ilẹ̀ Kánádà já láti òkun dé òkun, ni ó lọ ṣiṣẹ́ fún ní ọdún méjì, níbi tí ó ti kọ́ bí a ti ń wọn ilẹ̀, bí a ti ń gbé irin lé igi, àti bí a ti ń kó ogunlọ́gọ̀ òṣìṣẹ́ jọ sínú igbó tí kò sí ilé. Ní 1888 ni ó gba oyè ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi í ṣe alábòójútó ọkọ̀ ojú irin inú ilé iṣẹ́ ohun ìjà ní Woolwich. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ iṣẹ́ ológun fún un, ohun tí mo gbọ́ nìyẹn nínú ìtàn rẹ̀ tí kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí pé adájọ́ wo ni yóò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fi ilé sílẹ̀ lọ máa na irin nínú aṣálẹ̀?

Aṣálẹ̀ náà ni ó sì lọ. Ní 1896, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí Girouard pé ọgbọ̀n ọdún, Kitchener, tí ó jẹ́ olórí ọmọ ogun Íjíbítì, ń múra láti gba ilẹ̀ Súdáánì lọ́wọ́ Khalifa Abdullahi, àrólé Màhúdì, aṣáájú ẹ̀sìn tí ó kọ́kọ́ gba ilẹ̀ náà. Àwọn ọmọ lẹ́yìn Màhúdì ni wọ́n pa Gordon, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, sí Khartoum ní 1885, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì tán nínú àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ogun ìṣáájú kò ṣeé ṣe fún wọn nítorí pé odò Náílì, tí ó yẹ kí ó jẹ́ ọ̀nà, kún fún àpáta àti ìṣàn omi tí ọkọ̀ kò lè gùn, ràkúnmí kò sì lè ru oúnjẹ tó fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Girouard ni Kitchener fi ṣe olórí rélùwéè. Irin àkọ́kọ́ tẹ̀ lé etí odò láti Wadi Halfa lọ sí ìhà gúúsù, àwọn tí ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò mọ ohun tí à ń pè ní rélùwéè rí: ọmọ ogun Íjíbítì, ọmọ Súdáánì, ẹlẹ́wọ̀n, àti àwọn ọ̀tá tí a mú lójú ogun. Wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ méjì sílẹ̀ ní Wadi Halfa, lábẹ́ igi ọ̀pẹ, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ Súdáánì ní ìwé àti ní iṣẹ́ ọ̀gá ìdíkọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ní ilẹ̀ tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀, òjò rọ̀, àgbàrá sì kó ibùsọ̀ bí i méjìlá ojú irin lọ; ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọwọ́ ni ó bọ́ sídìí àtúnṣe náà, kò sì pẹ́ tí ọkọ̀ tún fi ń lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ni wọ́n gba Dongola.

Èyí kéré lára ohun tí ó ń bọ̀. Odò Náílì ṣe kọrọ kan tí ó tóbi láàárín Wadi Halfa àti Abu Hamed, bí ẹni pé ó fẹ́ padà sí ibi tí ó ti wá; ẹni tí ó bá sì fẹ́ gba ọ̀nà tààrà yóò gba inú aṣálẹ̀ Núbíà kọjá, ibùsọ̀ 230, níbi tí kò sí igi, kò sí ilé, tí kò sì sí omi. Àwọn ọ̀mọ̀ràn tí a bi léèrè ní kò ṣeé ṣe. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Wadi Halfa. Girouard lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti ra ẹ́ńjìnnì àti kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó sì rí ẹ́ńjìnnì yá nínú èyí tí wọ́n ti ṣe fún Gúúsù Áfíríkà, nípasẹ̀ Cecil Rhodes; ìdí tí èyí sì fi ṣeé ṣe ni pé ojú irin tí wọ́n yàn fún aṣálẹ̀ náà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀, ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti Gúúsù Áfíríkà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwọ̀n yìí sọ́kàn. A óò tún pàdé rẹ̀.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ti rí ní ojú aṣálẹ̀. Níwájú pátápátá ni àwọn tí ń wọn ilẹ̀ wà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tí ń tẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sì ń dọ́gba rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìlú àgọ́ kan tí ó ń ṣí kiri bí irin ti ń gùn sí i, ó ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ní wáyà, ó ní ibi ìtajà, lọ́la kò ní sí níbi tí ó wà lónìí. Ní òwúrọ̀ ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ ń dé pẹ̀lú irin tí yóò tó fún iṣẹ́ ọjọ́ náà, ó sì ń ru omi tirẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé bí ẹ́ńjìnnì ti ń mu omi bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ń mu ún, bí irin sì ti ń jìnnà sí odò, bẹ́ẹ̀ ni omi ń gba ibi tí ó yẹ kí irin wà nínú ọkọ̀. Ìṣirò tí ó le ni èyí. Bí a kò bá rí kànga lójú ọ̀nà, àkókò kan ń bọ̀ tí ọkọ̀ kò ní ru nǹkan mìíràn bí kò ṣe omi tí òun fúnra rẹ̀ yóò mu. Orí bá wọn ṣe é, àwọn tí ń wá omi gbẹ́ kànga ní ibùsọ̀ kẹtàdínlọ́gọ́rin àti ní ibùsọ̀ kẹrìndínláàádóje, omi sì wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1897 ni irin dé Abu Hamed: oṣù mẹ́wàá péré.

Láti ibẹ̀ lọ, ìparí ogun náà ti di ọ̀rọ̀ àkókò. Ní oṣù keje ọdún 1898 ni irin dé Atbara, ọkọ̀ ogun ojú omi tí a já sí wẹ́wẹ́ sì gba orí irin kan náà kọjá kí a tó tún un tò sórí Náílì. Girouard kò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà náà, wọ́n ti mú un lọ ṣe olórí rélùwéè gbogbo ilẹ̀ Íjíbítì. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ni ogun Omdurman jà, ó lé ní ẹgbàárùn-ún ọmọ ogun Khalifa tí ó ṣubú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn tí ó kú ní apá Kitchener kò sì tó àádọ́ta. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí bí mo ti rí i: kì í ṣe ìjà mọ́ nìyẹn. Àwọn ọmọ Khalifa kò sá. Wọ́n rìn lọ bá ìbọn arọ̀jò-ọta pẹ̀lú ìgboyà tí ó yẹ kí a ki bí a ti ń ki Ògbórí-ẹfọ̀n. Ìbọn ni ó pa wọ́n, ṣùgbọ́n irin ni ó gbé ìbọn náà dé ibẹ̀, ẹni tí ó tẹ́ irin náà kò sì lè sọ pé ọwọ́ òun mọ́. Ògún Lákáayé kì í ya alágbẹ̀dẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó ta ọfà.

Ogun kejì ni ti àwọn Búà ní Gúúsù Áfíríkà, láti 1899 dé 1902, Girouard sì ni Olùdarí Rélùwéè. Níhìn-ín kò sí aṣálẹ̀ láti la já. Irin ti wà nílẹ̀, ó pọ̀, ọ̀tá sì mọ iyì rẹ̀. Àwọn Búà fi ẹ̀tù fọ́ afárá lórí odò Orange ní Norval's Pont àti ní Bethulie, wọ́n sì ń tú irin káàkiri títí ogun fi parí, àwọn òṣìṣẹ́ Girouard sì ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ga jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, lójú tèmi, kì í ṣe afárá. Ó rí i pé ọ̀tá tí ó ń ba rélùwéè jẹ́ kì í ṣe Búà nìkan. Àwọn ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ń bà á jẹ́. Ọ̀gágun kan yóò dé ìdíkọ̀, yóò pàṣẹ fún ọ̀gá ìdíkọ̀ kí ó dá ọkọ̀ dúró fún òun. Òmíràn yóò sọ kẹ̀kẹ́ ẹrù di ilé ìṣúra, yóò fi oúnjẹ sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọkọ̀ kò ní lè padà lọ kó òmíràn wá. Girouard bá wọn wí, ó sì fi òfin lélẹ̀: kò sí ọ̀gágun, bí ó ti wù kí oyè rẹ̀ ga tó, tí yóò pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ rélùwéè ní tààrà, àwọn ọ̀gá ológun kan ni a yàn sáàárín, àwọn ni yóò gbọ́ ohun tí ogun ń fẹ́, tí wọn yóò sì bá rélùwéè sọ ọ́. Ẹni tí ó ti ṣe òṣìṣẹ́ rí nìkan ni ó lè ro irú èyí, nítorí pé ó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ nígbà tí ọ̀gá méjì bá ń pàṣẹ fún un. Ọba méjì kì í gbé ààfin. Òun fúnra rẹ̀ kọ ìwé ìtàn rélùwéè nínú ogun náà, tí ó jáde ní 1903.

Ní 1907 ni ó wọ inú ìtàn tiwa. Wọ́n fi í rọ́pò Lugard gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Òkè Ọya, ó jókòó sí Zungeru, iṣẹ́ tí ó sì wà lọ́kàn rẹ̀ kò pamọ́: irin láti Baro, lẹ́bàá odò Ọya, títí dé Kánò. Àwọn kan ń wí pé kí irin náà kí ó tẹ́ẹ́rẹ́ kí owó rẹ̀ lè dínkù. Girouard kọ̀, ó ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ ni, bí i ti Súdáánì, bí i ti Gúúsù Áfíríkà, àti bí i ti irin Èkó tí ó ń bọ̀ wá sókè. Kò gbé e fún agbaṣẹ́ṣe. Ilé iṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó ṣe é lábẹ́ John Eaglesome, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní aṣálẹ̀. Ní ti àwọn òṣìṣẹ́, àwọn ọba àti baálẹ̀ ni a ní kí wọ́n kó ènìyàn wá. Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí ní ilé tálákà: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ru ilẹ̀ náà kò lọ ní ìfẹ́ inú wọn, bí a tilẹ̀ ń san owó ọ̀yà fún wọn. Irin náà dé Kánò ní 1911. Òwú ni àwọn òyìnbó ń retí pé yóò máa ru. Àwọn àgbẹ̀ Kánò gbin ẹ̀pà.

Ṣùgbọ́n ìjà kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí ó kàn wá ju ẹ̀pà lọ. Bí ẹrù Kánò bá sọ̀ ní Baro, odò Ọya ni yóò gbé e lọ sí òkun, irin Èkó yóò sì di ọ̀nà oko. Walter Egerton, Gómìnà tí ó wà ní Èkó, kò gbà. Irin tirẹ̀ ti kúrò ní Ìddó láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo, ó gba Ìkìrun àti ìhín yìí kọjá lọ sí Òkukù àti Ọ̀fà, ó dé Jẹ́bà ní 1909, kò sì dúró níbẹ̀. Ó rékọjá odò lọ pàdé irin Baro ní Minna. Lójú àwọn tí ó fara balẹ̀ wò ó, Girouard, tí kò tíì ṣìnà rí nínú ogun, ni odò ṣẹ́gun ní àkókò àlàáfíà: Ọya a máa fà ní ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ ńlá kò sì lè dé Baro nígbà gbogbo, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin Èkó ń lọ ó ń bọ̀ ní òjò ní ẹ̀ẹ̀rùn. Baro, tí a rò pé yóò jẹ́ ẹnu ọ̀nà Òkè Ọya, di ẹ̀ka. Ọ̀nà tí ó gba ọ̀dọ̀ wa ni ó di òpópó.

Girouard kò dúró rí i. Ní 1909 ni wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ tí à ń pè ní Kẹ́ńyà lónìí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti rú mi lójú jù. Ọkùnrin tí ó jà ní Òkè Ọya pé kí ilẹ̀ má ṣe bọ́ sọ́wọ́ àjèjì, tí èrò rẹ̀ sì wà lẹ́yìn òfin ilẹ̀ ọdún 1910 tí kò jẹ́ kí àwọn òyìnbó rí ilẹ̀ rà níbẹ̀, òun kan náà ni ó jẹ́ gómìnà nígbà tí wọ́n ń kó àwọn Máásáì kúrò ní Laikipia ní 1911 kí àwọn òyìnbó lè rí ilẹ̀ náà lò. Òun àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kò gbọ́ ara wọn yé lórí rẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1912. Àwọn kan a máa sọ pé ìgbà ni ó yí padà. Èmi rò pé ẹni tí ó bá ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ bí a ti ń mú ẹrù dé ibi tí a rán an sí, ó rọrùn fún un láti sọ ènìyàn pẹ̀lú di ẹrù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni wọ́n tún pè é ní 1915 láti wá bójú tó bí ohun ìjà yóò ti máa jáde. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1932.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ìwọ̀n tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí pé òun ni ó kù nínú iṣẹ́ ọkùnrin náà tí ó kan ìlú yìí gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1912 ni a so rélùwéè Èkó àti ti Òkè Ọya pọ̀ di ọ̀kan, wọn kò sì ní láti tú irin kankan palẹ̀, nítorí pé ojú méjèèjì fẹ̀ ní ọgbọọgba. Ní ọdún 1914, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì, orí irin náà ni ọmọ ogun àti ẹrù ogun gbà láti òkè wá sí etí òkun kí wọ́n tó lọ sí Kamẹrúùnù. Ibì kan ṣoṣo ni ọ̀nà náà ti já nígbà náà, òun sì ni Jẹ́bà, níbi tí afárá kò tíì parí. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé kẹ̀kẹ́ rélùwéè, tẹrù tẹrù, láti etí kan odò sí èkejì, títí di 1916 tí afárá fi parí, tí ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Kánò fi lè gba Ọ̀fà, Òkukù, Ìnísà àti Ìkìrun kọjá dé Ìddó láìfi ẹsẹ̀ kan omi.